Awò Òru Àwọn Sójà: Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè Ohun Tí Ó Ń Jẹ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lóṣù yìí jẹ mọ́ ọjà kan tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Ọba ń rí lórí àtẹ àwọn tí ń ta ẹrù ológun àlòkù. Awò tí sójà ń dè mọ́jú lóru ni, tí òkùnkùn á fi dà bí ọ̀sán lójú rẹ̀. Owó rẹ̀ a máa wọni lójú. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé titun rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún dọ́là mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó wá rí ògbólógbòó kan tí wọ́n ń tà ní ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, á rò pé Ẹlẹ́dàá òun ló gbé ire pàdé òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn tó ń ra nǹkan yìí máa ń béèrè, ọ̀kan wà tó ṣe pàtàkì jù, òun gan-an ni wọn kì í sì í rántí: kí ni awò yìí ń jẹ? Bátìrì wo ni ó ń lò, ṣé wọ́n ṣì ń ṣe irú bátìrì bẹ́ẹ̀ láyé tí a wà yìí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí awò yìí jẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á san owó ẹṣin ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Oríṣi tí ó kọ́kọ́ jáde kì í dá ríran. Fìtílà kan ni wọ́n máa ń tàn mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ fìtílà náà sì jẹ́ èyí tí ó kọjá pupa, tí ojú ènìyàn lásán kò lè rí. Awò nìkan ló ń rí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Vampir. Orí ìbọn ni fìtílà àti awò rẹ̀ wà, sójà tí ó bá sì gbé e ní láti pọn bátìrì rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní tiwọn, wọ́n lò ó ní erékùṣù Okinawa ní 1945. Àléébù fìtílà yìí kò fara sin: bí ọ̀tá náà bá ní irú awò bẹ́ẹ̀, gbangba ni yóò máa rí ẹni tí ń tàn án. Àwọn ọdẹ wa mọ èyí dáadáa. Iná kábáàdì tí ọdẹ so mọ́ iwájú orí ló ń mú kí ojú ẹtu tàn nínú igbó, ṣùgbọ́n iná yẹn kan náà ni ẹni tó wà lókèèrè fi ń mọ ibi tí ọdẹ dúró sí.

Nígbà ogun Vietnam, láàárín 1960 sí 1970, ni àwọn sójà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí kò nílò fìtílà. Starlight ni wọ́n sọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ náà sì rò ó. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ àti òṣùpá bá fi sílẹ̀ ló ń kó jọ, tí ó ń sọ di púpọ̀. Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Nínú awò náà ni ìgò kan wà tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba lẹ́ǹsì iwájú wọlé, á bọ́ sórí ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi kun inú ìgò náà, ọ̀dà yìí á sì tu ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, ìyẹn àwọn ohun kín-ń-kín tó ń rìn nínú wáyà iná mànàmáná. Agbára iná á wá fà wọ́n lọ sẹ́yìn pẹ̀lú eré burúkú, wọ́n á lọ fi orí sọ gíláàsì kan tó wà ní ìparí ìgò, gíláàsì náà á sì tàn yòò ní àwọ̀ ewé, bí ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá dé awò yìí mọ́jú kò wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Sinimá rẹ̀ ló ń wò. Ìdí tí wọ́n sì fi yan àwọ̀ ewé ni pé ojú ènìyàn mọ ìyàtọ̀ títàn àti ṣíṣú ewé ju ti àwọn àwọ̀ yòókù lọ.

Starlight yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìran kìíní. Ìgò mẹ́ta ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ gbé iná fún ìkejì, kí ìkejì gbé e fún ìkẹta. Ìdí nìyẹn tí ó fi gùn gbọọrọ tí ó sì wúwo, orí ìbọn ni wọ́n sì máa ń gbé e sí. Nígbà tí ìran kejì dé, wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ kan sínú ìgò, àwo tí ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀ tó àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà mélòó kan. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan bá wọ inú ihò, á gbá ara ògiri ihò náà, á ti ibẹ̀ kó àwọn mìíràn jáde, àwọn yẹn náà á tún kó àwọn mìíràn. Ìgò kan ṣoṣo kékeré wá ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ìgbà yẹn ló tó ṣeé ṣe láti dé e mọ́jú. AN/PVS-5 tí àwọn sójà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò láàárín 1970 sí 1980 jẹ́ ti ìran kejì yìí. Ìgò méjì ló ní, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ìran kẹta yí ọ̀dà iwájú ìgò padà, wọ́n fi èyí tí wọ́n ń pè ní gallium arsenide rọ́pò rẹ̀, ìgò náà sì ń pẹ́ sí i. Iye wákàtí tí wọ́n sábà máa ń sọ pé ìgò ìran kẹta lè lò ni 10,000. Ti àwọn ìran ìṣáájú kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Òkúta tí kò sí lọ́jà mọ́

Kí gbogbo èyí tó ṣeé ṣe, ìgò ìran kejì nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, ti ìran kìíní sì ju ẹgbàárùn-ún lọ dáadáa. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rù bà yín sí bátìrì rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà nínú awò tó ń gba fóltì méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ bátìrì tí ó sì ń gbé e ga dé iye yẹn. Ó dà bí ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ sórí pẹ́tẹ́ẹ̀sì: omi náà ga, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Nítorí pé kò pọ̀, bátìrì kékeré lè gbé awò yìí fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó kú.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni irú bátìrì tí wọ́n ṣe é fún. Láyé ìgbà tí wọ́n ń ṣe àwọn awò àtijọ́ yìí, bátìrì mẹ́kúrì ló wà lọ́wọ́ ológun. Àwọn àgbà wa ń pe bátìrì ní òkúta tọ́ọ̀ṣì, òkúta mẹ́kúrì sì yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀. Ẹyọ rẹ̀ kan máa ń fúnni ní fóltì 1.35. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di nọ́ńbà yẹn mú, inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá to márùn-ún léra, ó di 6.75. Òun ni AN/PVS-2 ti ogun Vietnam ń jẹ, òun náà sì ni awò orí ìbọn àwọn sójà ìlú Ọba tí wọ́n ń pè ní IWS ń jẹ. Bí a bá to méjì péré léra, ó di 2.7. Bátìrì yẹn ni wọ́n ń pè ní BA-1567/U, òun sì ni oúnjẹ AN/PVS-5.

Ohun tó mú kí ológun fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í yẹ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí a mọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára, á wá máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ti mẹ́kúrì á dúró sójú kan náà títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó kú, á wá ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sì lè wà nínú ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún púpọ̀ kí ó má bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n májèlé ni mẹ́kúrì. Ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìlú Minamata ní Japan, níbi tí àwọn dókítà ti rí àìsàn kan ní 1956 tó ń sọ àwọn èèyàn di arọ tó sì ń pa wọ́n, tí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ẹja tí wọ́n ń jẹ ló fà á, ẹja tó ti mu mẹ́kúrì tí iléeṣẹ́ kan ń dà sínú omi. Ní 1996 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tó lé bátìrì mẹ́kúrì kúrò lọ́jà, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà sì ṣe tiwọn ní 1998. Bí awò àtijọ́ ṣe di aláìlóúnjẹ nìyẹn. Ẹ̀yin fọtógíráfà inú ẹgbẹ́ wa tó ní kámẹ́rà àtijọ́ ẹ kò ní ṣàì mọ ohun tí mo ń sọ. Irú bátìrì 1.35 yìí kan náà ni àwọn kámẹ́rà kan fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ibi tí awò òru ti rí ìyọnu náà ni wọ́n ti rí i.

Èyí ló jẹ́ kí àwọn kan máa tà á ní ọ̀pọ̀. Ẹni tó ń tà á kò parọ́. Ó sọ pé awò náà dára, ó lè dára lóòótọ́. Kàn pé kò sọ fún ọ pé kò sí nǹkan tí wàá fi tàn án.

Ohun tí a lè fi bọ́ ọ

Inú mi dùn láti sọ pé ọ̀nà wà. Ti AN/PVS-5 ló rọrùn jù. Bátìrì kékeré AA tí ẹ ń fi sínú aago ara ògiri, ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 1.5. Méjì rẹ̀ jẹ́ 3. Ẹ ó sọ pé 3 ju 2.7 lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ológun fúnra wọn ti fi bátìrì lítíọ́mù kan tó sún mọ́ 3, tí wọ́n ń pè ní BA-5567/U, rọ́pò ti mẹ́kúrì nínú awò yìí, kò sì ṣe é ní nǹkan. Nítorí náà AA méjì lásán, irú èyí tí wọ́n kọ alkaline sí lára, ló yẹ ẹ́. Ìṣòro tó kù ni pé kò gba ihò bátìrì rẹ̀, nítorí AA gùn ju BA-1567/U lọ. Àwọn oníṣòwò kan wà tó ń ta ilé bátìrì tó gba AA méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì mọ wáyà jó lè fi ilé bátìrì inú ohun ìṣeré ọmọdé ṣe é fúnra rẹ̀. Kí ó ṣáà rí i dájú pé òun mọ ojú tó jẹ́ àfikún àti ojú tó jẹ́ àyọkúrò. Kí ó fi mítà wọ̀n ọ́n kí ó tó tàn án. Bí wọ́n bá gbé e sí òdì, àpótí tó ń gbé fóltì ga lè jó kíá, kò sì sí alátùn-únṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó máa tún un ṣe.

AA tí a ń gba iná sí, tí a ń lò lálòtúnlò, jẹ́ 1.2, méjì rẹ̀ jẹ́ 2.4. Á tàn, àwòrán rẹ̀ kàn lè tètè ṣú. AA oní-lítíọ́mù ni mo ní kí ẹ ṣọ́ra fún. Lóòótọ́, 1.5 ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tuntun ó máa ń sún mọ́ 1.8 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, méjì rẹ̀ á di 3.6. Èyí pọ̀ jù fún arúgbó awò. Bí ẹ̀rù 3 bá tilẹ̀ ń ba ẹnì kan, ọgbọ́n kan wà tí àwọn oníkámẹ́rà àtijọ́ ń dá: wọ́n á jó dáóòdù kékeré kan mọ́ ojú ọ̀nà wáyà, irú tí wọ́n ń pè ní Schottky. Dáóòdù yẹn á jẹ nǹkan bí 0.3 nínú fóltì tó ń kọjá, 3 á sì di 2.7 gẹ́lẹ́. Owó dáóòdù yìí kò tó owó ẹ̀kọ.

Fún àwọn tó ń jẹ 6.75, ẹ má ṣe gbé bátìrì fóltì 9 sí i nítorí pé ó wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi sunkún. AA alkaline mẹ́rin jẹ́ 6, èyí tí ó sábà máa ń tó. Márùn-ún jẹ́ 7.5, bí wọ́n bá sì tuntun, wọ́n lè sún mọ́ 8, èyí ti kọjá ààlà. Kí iná kéré díẹ̀ sàn ju kí ó pọ̀ jù lọ: àwòrán tó ṣú ṣeé fara dà, ìgò tó jó kò ṣeé jí.

Ọ̀rọ̀ ti Rọ́ṣíà yàtọ̀. Nígbà tí Soviet Union tú ká ní oṣù December 1991, ẹrù ológun wọn ya lu ọjà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bí òjò. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni PNV-57E, awò olójú méjì tí àwọn awakọ̀ táńkì ń dé. Ó máa ń wọ́pọ̀, ó sì máa ń wà nínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun èlò, èyí tó ń jẹ́ kí ó wu èèyàn. Ṣùgbọ́n irú àtijọ́ tó nílò fìtílà ni. Iná iwájú táńkì tí wọ́n fi gíláàsì dúdú bò ló ń fún un ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí. Láìsí fìtílà bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń rí. Iná táńkì ló sì ń jẹ, nǹkan bí 24 sí 27 fóltì. Bátìrì mọ́tò méjì oní-12 tí a so pọ̀ á gbé e, ṣùgbọ́n ta ni ó máa ru bátìrì mọ́tò méjì kiri lóru? Àwọn kan ń so bátìrì 9 mẹ́ta pọ̀ kí ó di 27, èyí ṣeé fi sápò. Mo rò pé ohun tó dára láti kó sí gbọ̀ngàn fún ìran wíwò ni PNV-57E. Ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ rà á.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́, n ó sọ pé ẹ wá owó kún owó, kí ẹ ra irú tó ń jẹ AA láti ilé wá. AN/PVS-7 tí wọ́n lò lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ogun Gulf ní 1991 ń jẹ AA méjì. AN/PVS-14 tó dé lẹ́yìn rẹ̀, olójú kan, ń jẹ AA kan tàbí méjì, ó yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ lè rí oúnjẹ wọn ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí láyé yìí.

Ojú àti ìgò

Lẹ́yìn bátìrì ni ọ̀rọ̀ ìgò. Ìgò ni ọkàn awò, bí ó bá kú, owó ìgò tuntun lè ju owó tí ẹ fi ra gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn kan ń ta ìkarahun nìkan, bí ìkarahun ìgbín tí kò ní ẹran. Ìdí rẹ̀ ni pé ìjọba Amẹ́ríkà kì í sábà jẹ́ kí irú ohun èlò ogun báyìí jáde fún títà láìkọ́kọ́ fọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, awò tó pé tí ó sì ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti àjákù oríṣiríṣi tò pọ̀, tàbí èyí tó ṣẹ́kù nílé iṣẹ́ tó ṣe é. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìjọba ló yá àwọn ọlọ́pàá, èyí kò di tiwọn rárá, ìjọba ló ṣì ni ín. Ẹ bèèrè ibi tó ti wá, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, inú yàrá tó ṣókùnkùn ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹ má ṣe tàn án lójú ọ̀sán láìfi ọmọrí bo lẹ́ǹsì. Ọmọrí rẹ̀ ní ihò kan bíi ti orí abẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó gba ibẹ̀ wọlé tó. Ẹ wo àwòrán náà dáadáa. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ méjì mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Bí ẹ bá rí ojú ìná ràbàtà, tàbí ìlà tó tẹ́ bí ojú ọ̀nà, ẹnì kan ti kọjú rẹ̀ sí iná títàn rí, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, tàbí tí ojú kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ dá a padà. Bí ó bá ń han fíín bí yànmùyánmú, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn àpótí fóltì ni, púpọ̀ nínú ti ìran kìíní ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe tú u. Iná inú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, kò sì mọ ẹni tó ra á yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe é.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ojú ológbò ló fún yín. AN/PVS-5 ń fi ìwọ̀n 40 nínú 360 hàn, bí ẹni ń wo ọ̀nà láti inú ihò ọ̀pá oparun. Jíjìn àti sísún mọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ a máa kọ gbòǹgbò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn awakọ̀ hẹlikọ́pítà Amẹ́ríkà, ìbòjú rẹ̀ bo gbogbo ojú wọn dé ibi pé wọn kò lè rí àwọn aago tó wà níwájú wọn, ni wọ́n bá gé ìdajì ìbòjú náà sọnù kí wọ́n lè yọ́jú wo ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe dé e wa mọ́tò. Nínú yàrá tí wọ́n ti pa tí ìmọ́lẹ̀ kankan kò wọ̀, kò ní rí nǹkan kan àyàfi tí fìtílà tó wà lára rẹ̀ bá tàn.

Ọ̀rọ̀ òfin

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Houston tàbí ní Maryland. Fún ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà, kí ó ra awò òru kí ó sì lò ó nílé rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ California kò fẹ́ rí irú èyí tí a dè mọ́ ìbọn. Ṣùgbọ́n kí ó kúrò ní Amẹ́ríkà ló le. Ohun èlò ológun ni òfin pè é, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé àṣẹ ìjọba. Ìbáà jẹ́ inú báàgì aṣọ, ìbáà jẹ́ inú bárẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń kó ẹrù sí, ìbáà jẹ́ ẹ̀bùn fún bàbá lọ́jọ́ ìbí, ọ̀kan náà ni lójú òfin. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù nìkan: iléeṣẹ́ ITT, tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń ṣe awò yìí fún ìjọba Amẹ́ríkà, gbà ní 2007 pé òun jẹ̀bi fífi ọ̀rọ̀ àṣírí nípa awò òru ránṣẹ́ sókè òkun, iye tó ní láti san sì jẹ́ 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ìlú Ọba náà ní òfin ìwé àṣẹ tirẹ̀ fún kíkó ohun ológun jáde. Ní ilé wa níbí, Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò Orílẹ̀-èdè ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí fún irú ẹrù ológun tó fẹ́ wọlé, ẹni tí kò bá ní i tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá mú un, ẹnu rẹ̀ kò ní gba àlàyé.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ra awò sójà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ oko tàbí ilé adìyẹ yín, ẹ sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Awò òru òde òní kan wà tí wọ́n ṣe fún ará ìlú, tó ń lo kámẹ́rà bíi ti fóònù pẹ̀lú fìtílà tí ojú kò rí. Kò mọ́ tó ti sójà, kò sì ríran jìnnà tó o, ṣùgbọ́n orí tẹlifíṣọ̀n kékeré inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí olè tó wọ ọgbà, owó rẹ̀ kò sì tó apá kan ti ekejì. Kí ẹ tó rà á, ẹ bèèrè ìbéèrè kan náà lórí òun náà: AA ló ń jẹ ni, àbí bátìrì àrà ọ̀tọ̀ kan tó jẹ́ pé bí ó bá kú, awò kú nìyẹn? Ẹni tó bá sì fẹ́ wá yá owó ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀, kí ó mú orúkọ bátìrì náà wá sí ìpàdé, kí ó sì sọ ṣọ́ọ̀bù tí òun ti rí i.

Fún àwọn tó ti ní i lọ́hùn-ún: bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yọ bátìrì inú rẹ̀. Ohun tó ń ba púpọ̀ nínú àlòkù wọ̀nyí jẹ́ kì í ṣe ogun, bátìrì tí ẹnì kan gbàgbé sínú rẹ̀ ni, tí omi rẹ̀ sì dà tó jẹ irin tó kàn án. Ẹ pa á mọ́ síbi gbígbẹ, pẹ̀lú àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun láti fa omi. Bí ẹ bá ra ẹrù àtijọ́ tí bátìrì mẹ́kúrì ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má ṣe jù ú síná, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ di í sínú ike, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ yàn láti máa gba ẹ̀gbin olóró.